Ta gan-an là ń pè ní aṣẹ́wó?

As-salaamu alaykum ẹ̀yin ará mi, ẹ kú Jímọ̀ o.

Jímọ̀ tó kọjá mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bábà, mò ń retí kó kàn mí, bọ̀ọ̀dá kan tá a jọ kírun tán, jalabíà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ló bá yọ fóònù tó ń fi fọ́tò hàn wá, "eléyìí wà n'Íbàdàn, èyí ní Òṣogbo, tibí yìí ò mọ̀ pé mo níyàwó nílé", la bá bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ń kí i ní "ọkùnrin mẹ́ta!" Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ń kọjá lọ, ẹnu bọ̀ọ̀dá yìí kan náà ni mo ti gbọ́ "ẹ wo aṣẹ́wó". Háà!

Bá a ṣe ń ṣe é láwùjọ nìyẹn. Tóbìnrin bá ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sọ́wọ́ òmíì, alágbèrè ni, wọ́n á bú u mọ́ ìyá tó bí i. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ayé ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n nínú Súratul Nuur ẹsẹ 2, àwọn méjèèjì ni Allah pè pọ̀, onísìná lóbìnrin àti onísìná lọ́kùnrin, 100 kòbókò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin ò dín kan o. Ẹsẹ 4 wá ní ẹni tó bá fi sìná kan obìnrin tó ń ṣọ́ra ẹ̀, tí ò rí ẹlẹ́rìí 4 mú wá, 80 ni tiẹ̀. Ẹ tún ka ẹsẹ 30, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún kó rẹ ojú ẹ̀ sílẹ̀, kó tó kan obìnrin ní 31. 31 yẹn la mọ̀ ọ́n kà sétí àwọn sísítà wa.

"Ẹ má ṣe sún mọ́ sìná" ni Súratul Isrá ẹsẹ 32 wí. Ó ní sún mọ́ o. "Ṣé o ti sùn ni?" tó ò ń fi ránṣẹ́ sí ìyàwó oníyàwó lórí WhatsApp láago méjìlá òru, ìsúnmọ́ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Ànábì (SAW) pé kó yọ̀ǹda sìná fóun, àwọn èèyàn fẹ́ lé e dànù, Ànábì ní kó sún mọ́ òun, ó bi í pé ṣé wàá fẹ́ ẹ fún ìyá ẹ? Fún ọmọ ẹ obìnrin ńkọ́? Àbúrò ẹ? Ó ní rárá. Ó bá gbọ́wọ́ lé e, ó ṣàdúà fún un.

Èmi ò bi bọ̀ọ̀dá yẹn ní nǹkan kan, mo bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Tá a bá kírun tán lónìí, inshá Allah, màá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí.