Ìdánwò AP: Kíláàsì 11 Ni Kẹ́ Ẹ Máa Wò, Kì Í Ṣe 12

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nílé ìwé girama ní Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin ọmọ náà. Kàlẹ́ńdà la fẹ́ wò lónìí.

Oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò AP, ìyẹn Advanced Placement, ìdánwò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ìpele yunifásítì, tí àjọ tó ń jẹ́ College Board ń ṣe fún iṣẹ́ (subject) kọ̀ọ̀kan, tí máàkì rẹ̀ ń lọ láti 1 dé 5. Èsì ń jáde ní oṣù Keje. Fọ́ọ̀mù yunifásítì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba ti àwọn tó tètè fẹ́ wọlé títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ti àwọn yòókù sì ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ẹ wá fi ojú inú wò ó: ìdánwò tí ọmọ bá ṣe ní kíláàsì 12, ìyẹn ọdún tó kẹ́yìn níléèwé girama, yunifásítì ti dáhùn kó tó jókòó fún un. Àwọn tó ń gbani wọlé ò ní rí máàkì yẹn rárá. Ti kíláàsì 11 àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí.

Tẹ́lẹ̀, SAT Subject Tests wà, ìdánwò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan míì tí College Board ń ṣe. Wákàtí kan ni fún iṣẹ́ kan, ọmọ lè ṣe tó mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì pẹ́ ṣì lè rí i ṣe ní oṣù Kẹwàá. College Board kéde ní January 2021 pé àwọn ò ṣe é mọ́. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá ṣì ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ìṣirò ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, ẹ̀yìn wọn ni Calculus ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko nìyẹn. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ Algebra 1 ní kíláàsì 9, Precalculus ló máa bá jáde níléèwé. Kó tó lè ṣe ìdánwò Calculus ní kíláàsì 11, kíláàsì 7 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ Algebra 1! Èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn tìtorí ìyẹn da ọmọ láàmú. Ọmọ tó bá ti ṣe Algebra 2 tán lè ṣe Statistics. Ìtàn ò sì ní irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe World History ní kíláàsì 10, tí wọ́n á ṣe U.S. History ní 11.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo apá tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn nínú Calculus. Ìbéèrè mẹ́fà, 90 ìṣẹ́jú, máàkì mẹ́sàn-án fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n ní omi ń wọnú táǹkì, wọ́n sì fún wa ní ìwọ̀n bó ṣe ń yára wọlé, wọ́n wá béèrè èyí tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ọmọ tó bá kọ integral náà (ìṣirò tó ń ro gbogbo ohun tó wọlé pọ̀) sílẹ̀ bó ṣe yẹ lè gba máàkì lórí ìyẹn, kódà bó bá ṣi ìṣirò ìparí ṣe. Ẹni tó kọ ìdáhùn gbáà láìfi ọ̀nà hàn lè pàdánù rẹ̀. Àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní máàkì wà lórí ìkànnì College Board lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yẹn ni kí ọmọ máa ṣe, kẹ́ ẹ tó ná owó lórí olùkọ́ àdáni.

Ìforúkọsílẹ̀ ò dúró de oṣù Karùn-ún o. Ní àárín oṣù Kọkànlá ni iléèwé ń parí bíbéèrè ìwé ìdánwò, bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, wọ́n á gba owó lé e, ìyẹn bí iléèwé bá tiẹ̀ gbà. Ọmọ lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ tí kò kọ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n bí iléèwé rẹ̀ ò bá ṣe ìdánwò náà, ó ní láti wá iléèwé míì tó máa gbà á. Oṣù Kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ ti máa béèrè.

Ti kíláàsì 12 ò já sí asán o. Kíláàsì AP náà á hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ, máàkì rẹ̀ sì lè gba kírẹ́dìtì fún un ní yunifásítì, ìyẹn ni pé wọ́n á kà á mọ́ iṣẹ́ tó ní láti ṣe níbẹ̀. University of California ń fúnni láti orí 3. Ẹ yan yunifásítì tó máa gba èsì náà kó tó di 20 oṣù Kẹfà, ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ ni lọ́dọọdún.