Kọ́lékọ́lé àti kólékólé: ọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé àtijọ́ Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni èyí tẹ́lẹ̀, níwájú àwọn olórí ẹbí àti àwọn mọlémọlé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, níbí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ àwàdà kan tàbí méjì kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín nítorí ibi iṣẹ́ lẹ ti ń bọ̀, ẹ kú ìjókòó.

Ẹbí kan ló pè mí pé kí n wá wo ilé bàbá àgbà wọn, ilé alájà kan irú èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, máa ń kọ́. Wọ́n ní ògiri ìsàlẹ̀ ń làágùn. Mo fi ìka gbá sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, ó dún bí igbá òfìfo. Mo fi etí truelle, irin tí a fi ń rẹ́lé, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ègé kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn já wálẹ̀ gbì. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi ń bù ú. Lókè fèrèsé, níbi tí òdòdó tí wọ́n fi ẹfun yọ wà tẹ́lẹ̀, ojú pẹrẹsẹ lásán ló kù: wọ́n ti fi òòlù gé òdòdó náà kí sìmẹ́ńtì lè dúró dáadáa.

Mo béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo bi ènìyàn pé ta ló ní kó fọ aṣọ ọrùn ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àtúnṣe la ṣe. A ò wó nǹkan kan."

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé iwájú yín lónìí: a ò wó nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ iṣẹ́ wa sílẹ̀, kọ́lékọ́lé, tí ẹ gbàgbé àmì abẹ́ ọ, kólékólé lẹ kọ yẹn, olè tó ń wọlé onílé. Ohùn orí wọn ò yàtọ̀, àmì tín-ń-tín yẹn nìkan ló yà wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ni mo ti ń fi bú ara mi.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti òfin, nítorí òun kọ́ ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Benin ní òfin tó ń dáàbò bo ogún àṣà, èyí tó ní nọ́ńbà 2007-20, ti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2007. Òmíràn tún tẹ̀lé e ní 2021. Ilé tí ìjọba bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún, ẹni tó ni ín kò gbọ́dọ̀ dédé wó o tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ. Èyí yàtọ̀ sí permis, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí ẹ ń lọ gbà nílé mẹ́rì. Permis ń béèrè bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ tìrẹ àti bóyá ilé náà yóò dúró. Àṣẹ kejì ń béèrè ohun tí a máa pàdánù bó o bá ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni, ilẹ̀kùn kan. Ẹni tó mú permis nìkan lọ́wọ́ lè máa rú òfin lọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ogún àṣà, ti gbà wá sínú ìwé wọn." Rárá o. Ní 1996 ni wọ́n kọ àwọn àdúgbò àtijọ́ Porto-Novo àti ààfin ọba sínú ìwé àwọn ibi tí Benin fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ààfin Abomey ló wọlé sínú ìwé ogún àgbáyé, láti 1985. Àwa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í gbé oúnjẹ fún un.

Ẹ padà sídìí ògiri wa. Amọ̀ pupa tí àwọn baba wa fi mọ àwọn ilé wọ̀nyí, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, ń mí. Omi ń gòkè sínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó sì ń gbẹ jáde lójú ògiri díẹ̀díẹ̀. Ẹfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ láyé àtijọ́, èyí tí a ń pè ní chaux níbi iṣẹ́, ń jẹ́ kí èémí yẹn kọjá. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó kọjá. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò ń pa wá níbí. Omi tó bá gba ìsàlẹ̀ wọlé, tàbí tó gba inú páànù tó ti jò wálẹ̀, kò ní ríbi jáde mọ́. Ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì ló máa jókòó sí, yóò máa rọ amọ̀ lọ lábẹ́ aṣọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì líle lórí amọ̀ tó rọ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sán. Ìyẹn ni ẹnu. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ògiri á dà wó, àwọn ará ilé á sì sọ pé ogbó ló pa á. Sìmẹ́ńtì ló pa á. Àpò sìmẹ́ńtì náà, èmi àtẹ̀yin la sì jọ rù ú lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa rírú òfin, kì í ṣe katakata tó wó ilé lóru nìkan ni mo ń wí. Fèrèsé onígi tí a yọ, tí a fi alumíníọ́mù dípò rẹ̀, rírú òfin ni bí orúkọ ilé náà bá wà nínú ìwé. Kíkáwọ́ gbera, kí a máa wo ilé níran títí yóò fi bàjẹ́, náà tún wà. Ẹ wo mọ́sálásí ńlá tiwa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil, tí àjèjì fi ń ya fọ́tò rẹ̀ láìsinmi. Wọ́n kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò àti ewéko sì di onílé nínú ti àtijọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni kankan ò gbé òòlù lé e nígbà náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fọwọ́ kan ilé tí wọ́n dáàbò bò láìgba àṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, wọ́n sì lè rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Èyí tó wù mí jù nínú òfin wọn ni pé ẹjọ́ náà kì í gbó. Bó o bá kọ́ ilé lásán láìgba àṣẹ, bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá, wọ́n lè gbójú fò ọ́. Àmọ́ ilé àtijọ́ tó o bàjẹ́, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ṣì lè kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Bó o bá sì ti tà á, ẹni tó rà á ni ìwé náà yóò bá nílé. Ìjọba ìbílẹ̀ tún lè wọlé lọ fi nǹkan bo òrùlé tó ń jò, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

Ilé ọtí kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Carlton Tavern ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ni ín fẹ́ kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀, wọn ò fún wọn láṣẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kọ orúkọ ilé náà sínú ìwé ààbò, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Westminster ní kí wọ́n tún un kọ́, bíríkì sí bíríkì. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ọtí náà ṣílẹ̀kùn padà. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé àwọn ará àdúgbò ti fura tipẹ́, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ilé sì ti wọlé lọ kọ gbogbo bó ṣe rí sílẹ̀ kó tó wó. Àṣẹ pé "dá a padà bó ṣe wà" kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó mọ bó ṣe wà.

Ẹ wá gbọ́ ti Èkó. Ilojo Bar, ilé Àgùdà bíi tiwa, ní gbàgede Tinúbú. Láti 1956 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Ọgọ́ta ọdún nínú ìwé. Ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ náà, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí la mọ̀ pé ẹni tó ní àṣẹ kì í kó igi sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba ti tì títí di ọjọ́ Ajé.

Mo mọ ọ́n nítorí ó ṣẹlẹ̀ nílé ti èmi fúnra mi. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni àbúrò mi pè mí pé wọ́n ti já yanrìn sílẹ̀ níwájú ilé ẹbí wa. Mo lọ síléeṣẹ́ tó yẹ kó gbọ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ní kí n kọ lẹ́tà, kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n balùkónì iwájú tí ìyá bàbá mi máa ń jókòó sí láti wo eégún ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé kí iṣẹ́ dúró, sára ògiri tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe é kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òjò ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn, àwa mẹ́tàdínlógún tí a jọ ni ilé náà, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀. Ó fẹ́ ṣe ìsọ̀ mẹ́ta sísàlẹ̀ kó lè máa rí owó ìyálé gbà. Ẹnubodè àtijọ́ Kétu rọrùn láti dáàbò bò, nítorí gbogbo ìlú ló ni ín. Ilé ẹbí ni ogun wà. Òfin tó bá ní "má ṣe" tí kò ní "gba èyí" kò ní kojú òjò ọdún kan. Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mẹ́fà, mo sì ń bínú sí ara mi títí dòní, nítorí mọlémọlé ni mí, n kò sì ní fọ́tò balùkónì yẹn kankan tó mọ́ kedere. Inú fọ́tò ìgbéyàwó kan ni mo ti rí i, lẹ́yìn orí ìyàwó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá ti kúrò níbí lónìí, ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ ya ilé yín: iwájú, ẹ̀yìn, gbogbo òdòdó orí fèrèsé, àtẹ̀gùn, ojú òrùlé látọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ènìyàn méjì tí kò gbé ilé kan náà fi pamọ́. Bí yanrìn bá já sílẹ̀ níwájú ilé tí ẹ mọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ bá olórí ẹbí náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jókòó síbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní bí òun bá kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Òótọ́ ni. Mo ní kó béèrè ìwé méjèèjì, permis àti àṣẹ kejì yẹn, kó tó po sìmẹ́ńtì, kó sì ya fọ́tò wọn, nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́, onílé á sọ pé mọlémọlé ló gba òun nímọ̀ràn.

Ìyá kan wá béèrè pé ilé tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti kú náà nìyẹn? Mo ní kò tíì kú. Kí wọ́n dúró de ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n rọra bó o láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí wọ́n fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò kó gbẹ títí òjò á fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi amọ̀ àti ẹfun rẹ́ ẹ. Mo tún ní kó má gbàgbé láti kọ́kọ́ gba àṣẹ, torí bíbó náà iṣẹ́ ni.

Ìyá wò mí. Ó ní, "Wọn ò béèrè àṣẹ nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìgbà tí a bá fẹ́ bó o ni wọ́n á wá béèrè?"

Àwọn mọlémọlé pàtẹ́wọ́ fún un. N kò rí èsì kankan fọ̀. Mo ní kó pè mí lọ́jọ́ tó bá ń lọ gba àṣẹ náà, kí a jọ lọ.