Ìyá Ọmọ ní Stockholm, Ìyá Ọmọ ní Houston

Obìnrin méjì bímọ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, èkejì ní Houston, Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn délé.

Ní Sweden, ọjọ́ 480 ni òfin fún ìyá àti bàbá láti fi tọ́jú ọmọ, ìjọba á sì máa sanwó fún wọn. Ọjọ́ 90 nínú rẹ̀ jẹ́ ti bàbá nìkan. Kò lè fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Bí kò bá lò ó, ó gbé nìyẹn.

Ti Houston wá ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1993 fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, láìsí kọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an, àfi bí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ní òṣìṣẹ́ 50, tí òun náà sì ti lo ọdún kan níbẹ̀. California àti New York ti ṣòfin tiwọn tó ń sanwó fún ìyá ọmọ. Texas kò fi dandan lé iléeṣẹ́ aládàáni.

Kì í ṣe pé ará Amẹ́ríkà kò láàánú o. Ibi tí wọ́n so ìrànwọ́ mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní 1935 ṣètò owó fún arúgbó àti ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí adójútòfò ìlera níbẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ní 1942, ìjọba fòté lé fífi owó kún owó oṣù. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì wá ń fi adójútòfò ìlera fà wọ́n mọ́ra. Bí ìlera ṣe di ohun tó ń tọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́ wá nìyẹn. Medicare àti Medicaid, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba, dé ní 1965 fún àgbàlagbà àti tálákà. Síbẹ̀, títí dòní, iṣẹ́ lè lọ kí adójútòfò sì bá a lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni Yúróòpù náà ń tọ̀. Ní Jámánì, láti ìgbà Bismarck, olórí ìjọba wọn, ní 1883, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ló jọ ń dáwó ìlera. Ní Ìlú Ọba, owó orí ló ń gbé NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ró láti 1948. Àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní London, mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ ẹni tó fi físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọ̀lú ti sanwó ìlera kó tó wọ bàálù.

Owó kékeré kọ́ ni irú ìrànwọ́ báyìí ń ná ìlú. Ní Sweden, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Ní tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ka iye òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá òun lè sinmi.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ti Stockholm ṣì ń gbọ́mọ pọ̀n nílé. Ti Houston, bí owó ilé bá ti ń lé e, á ti wọ bàtà iṣẹ́, ọmú rẹ̀ á sì kún fún wàrà.