Oyin Adéjọbí: Adájọ́ Orí Ìtàgé Láti Òṣogbo

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹni tó bá wo NTA Ìbàdàn nígbà kan kò ní ṣàì rántí Kóòtù Aṣípa, eré orí tẹlifíṣàn tó dá lórí ẹjọ́. Bàbá Oyin Adéjọbí ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n. Ọdún 1926 la bí wọn, wọ́n sì papòdà lọ́dún 2000. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa, síbẹ̀ iṣẹ́ alárìnjò tó ń káàkiri ìlú ni wọ́n fi jẹun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Òṣogbo ìgbà náà. Ìlú kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ tíátà ńlá mẹ́ta: ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ti Dúró Ládípọ̀ tó sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé àṣà àti eré, lọ́dún 1962, àti ti Bàbá Adéjọbí. Ẹgbẹ́ Adéjọbí yìí ni Alàgbà Léré Páímọ́ wọ̀ lọ́dún 1960, kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ Ládípọ̀.

Eré ẹgbẹ́ Adéjọbí kò ní ìwé. Ọ̀gá á pa ìtàn fún ẹgbẹ́ látòkè délẹ̀, á sì pín ipa. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le tí ojú rẹ̀ sì korò, ìyáálé ló máa ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pa ènìyàn lẹ́rìn-ín di ìránṣẹ́. Kálukú á wá fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Ní ìjáde àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ á máa ta kókó. Tí eré bá ti dé ìlú bíi mélòó kan, gbólóhùn tí èrò pàtẹ́wọ́ fún á dúró, èyí tí kò wọ̀ wọ́n létí á já dànù. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé àtẹ́wọ́ dùn: òṣèré kan á fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹnìkejì kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé. Oògùn rẹ̀ ni kí a yan gbólóhùn kan pàtó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìtàgé láì sọ. Gbólóhùn yẹn ni ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ń dẹtí sí.

Ní ti adájọ́, ìjókòó ló ti ń ṣeré. Kò ní rìn, kò ní jó, ojú, ọrùn, ọwọ́ àti ohùn nìkan ló kù fún un. Ẹ wo òṣèré tó mọ iṣẹ́ náà: olùpẹjọ́ ń pariwo, ojú rẹ̀ wà lára olùjẹ́jọ́. Orí rẹ̀ kò mì. Tó bá mi orí lẹ́ẹ̀kan péré, èrò ti mọ ẹni tí yóò jàre, eré ti tán nìyẹn. Wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà olùpẹjọ́ á rò tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ á rò tirẹ̀, ẹlẹ́rìí á wá. Kí ẹni tó jẹ̀bi náà sì ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ ọ́ di òmùgọ̀, ọkọ tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀.

Lójú tèmi, inú Kóòtù Aṣípa ni Bàbá ti jà fún àwùjọ jùlọ. Ẹjọ́ ìgbéyàwó, gbèsè, ogún, irú èyí tó ń dé kóòtù ìbílẹ̀ lójoojúmọ́, di ohun tí gbogbo ilé jọ ń wò tí wọ́n sì jọ ń jiyàn lé lórí. Mẹ̀kúnnù rí i pé a lè jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá kò yọ ara wọn sílẹ̀ náà. Nínú eré wọn, Orogún Adédigba, ìtàn ìgbésí ayé ara wọn ni wọ́n gbé síta. Láyé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń tìjú ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àbùkù, akin nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Nàìjíríà tó ní òfin tó ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, ọdún 19 lẹ́yìn tí Bàbá ti lọ. Ó fún ilé tí gbogbo èrò ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gbọ̀ngàn eré, ẹ gbọ́ ìwọ̀n rẹ̀: bí ìtàgé bá ga ní mítà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó mítà 12, kí ibi ìsinmi tó tẹ́jú sì wà láàárín. Tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àga á máa yí padà sẹ́yìn, ẹni tó ń tì í á sì rẹ̀. Ẹ má sì ṣe é sí iwájú nìkan fún olùwòran. Ẹ ṣe òmíràn sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ibẹ̀ ni òṣèré ń gbà wọlé.