Yíyan Driver fún Piezo Oní-fóltéèjì Gíga

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Abẹ́òkúta níbí, mo kí yín o. Piezo ni ohun tó ń gùn tó sì ń kúrú díẹ̀ bí a bá fi iná sí i; driver ni ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná náà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra driver fún piezo, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ó lè gbé 1,000 fóltì jáde?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí piezo náà yóò ti máa yára lọ, tí yóò sì máa yára bọ̀ tó.

Láti ọdún 1880 ni Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi hàn pé bí a bá tẹ irú àwọn kírísítà kan, iná yóò jáde lára wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Gabriel Lippmann fi ìṣirò sọ pé òdìkejì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà sì dán an wò, ó rí bẹ́ẹ̀. Òdìkejì yìí ni à ń lò. A to PZT, ìyẹn irú sẹrámíìkì kan, pelebe-pelebe léra, a fi iná sí i, ó sì gùn sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000. Bí ó bá ti dúró sójú kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iná mọ́, nítorí kápásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná sínú, ni lójú sákíìtì.

Ká ní kápásítánsì piezo wa, ìyẹn bí iná tó lè tọ́jú ti pọ̀ tó, jẹ́ nánófárádì 100, tí a fẹ́ kí ó máa lọ láti òdo dé 1,000 fóltì kí ó sì padà wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 3.14 sọ iye ìgbà náà di púpọ̀, ẹ fi kápásítánsì àti fóltì náà sọ ọ́ di púpọ̀: iná tó pọ̀ jù tí yóò gbà jẹ́ nǹkan bíi mílíámpì 31. Bí ó bá di ìgbà 1,000, ó di 314, bẹ́ẹ̀ fóltì kò yí padà. Kápásítánsì tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, fóltì kékeré ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n; lábẹ́ fóltì ńlá àti ooru ó máa ń pọ̀ sí i, nítorí náà ìlọ́po méjì ni èmi máa ń kà á sí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni àwọn módù kéékèèké tó ń sọ 12 fóltì di 1,000. Púpọ̀ nínú wọn lè ti iná wọlé, wọn kò lè fà á jáde. Bí ẹni ní àmù tí kò ní ohun tí yóò fi bu omi kúrò nínú rẹ̀. Piezo a gùn kíá, a sì máa falẹ̀ kí ó tó padà. Driver tó jẹ́ ámpílífáyà, tó lè ti iná wọlé tó sì lè fà á jáde, ni kí ẹ rà. Fún iṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí tábìlì, mo fara mọ́ oríṣi linear, èyí tó ń darí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ ń gbóná, nítorí ariwo rẹ̀, ìyẹn ségesège inú iná rẹ̀, kéré. Fún iṣẹ́ tó yára tí kò dáwọ́ dúró, oríṣi switching, èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra, tó sì ń gba iná padà, ló yẹ.

Ọ̀rọ̀ iná ló mú ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń mú lọ wá. Bí wọ́n bá mú iná lójijì, fóltì ṣì wà lára piezo. Ẹ so rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) megaohm 10 mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iná náà lè máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, 1,000 fóltì yóò ti wá sí nǹkan bíi méje. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣe é, nítorí rẹsísítọ̀ kékeré kì í gba irú fóltì bẹ́ẹ̀: ẹ to megaohm kan-kan mẹ́wàá tẹ̀ léra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ru 100 fóltì péré. Bí piezo bá sì wà nínú páálí, ẹ so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí ìyípadà ooru nìkan tó láti mú iná jáde lára rẹ̀.