Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tó Dúró àti Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu ojú títì fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sẹ́bàá ọ̀nà ni mo fẹ́ ká wò lónìí, pàápàá ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré, bó bá ṣí tán, a máa yọ sójú títì tó bíi mítà 1. Ti ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń rin mítà 5.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ tó fa bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Bí ilẹ̀kùn bá wá ṣí ní mítà 3 síwájú ńkọ́? Kò sí bíréèkì tó lè gbani níbẹ̀. Lóòótọ́, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àyè ló ń gbani.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Etí ilẹ̀kùn sábà máa ń kọ́ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà níhà ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Á tì í sẹ́yìn, táyà iwájú á yí sápá ọkọ̀ lójijì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sì ṣubú sí òdìkejì, ìyẹn àárín títì, níbi tí mọ́tò mìíràn ti ń bọ̀. Mọ́tò kejì yìí ló lè gbẹ̀mí èèyàn.

Nítorí náà, ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ ó kéré tán, mítà 1.5 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe táyà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 60, ìdajì rẹ̀ sì ti yọ kọjá táyà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò nìyẹn.

Bí àlàfo bá wà láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n páàkì, ẹ má ṣe yà wọ ibẹ̀ kí ẹ tún yọ jáde. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn kò ní rí yín mọ́, ẹ ó sì já lù ú lójijì. Ọ̀nà tààrà ni kí ẹ gbà, kódà bó bá ń tẹ fèrè. Bí títì bá fún tí àyè ò sí, ẹ dín eré kù títí á fi tó ìrìn ẹsẹ̀, kí ìka yín wà lórí bíréèkì méjèèjì. Kí ẹ tó bọ́ sí àárín, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn, kí ẹ na ọwọ́.

Orí èèyàn níjòókòó awakọ̀, iná bíréèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, táyà iwájú tó yí síta: ẹ máa wá wọn. Takisí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró léwu jù, torí pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè ṣí níhà méjèèjì.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣí i. Bí ilẹ̀kùn bá wà lósì, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i. Èjìká á yí, ojú á gba orí dígí lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn awakọ̀ níyànjú bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2022. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún wò. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ fún un ní mítà 1.5, bí kò bá sí àyè, ẹ ní sùúrù lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi kọjá àwọn ọkọ̀ tó dúró.

Ọmọdé kì í wẹ̀yìn kó tó já jáde. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó kọjú sí títì pa kó má lè ṣí látinú, kí wọ́n máa gba ìhà kejì sọ̀kalẹ̀.