Kossola, Matilda àti ìwé ìkànìyàn: bá a ṣe ń tọ ipasẹ̀ baba ńlá ẹni

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé nípa wíwá ìtàn ìdílé síbí, ẹ má bínú tó bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, bó ṣe jáde lẹ́nu náà nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé ìjọba nìkan ò lè sọ ìtàn ẹnì kan tán, ẹnu àgbà nìkan náà ò tó, àfi kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síwájú ara wọn kí wọ́n máa bára wọn rojọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Kossola, táwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè tó wà ní Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló ya wọ ìlú wọn nídàájí, wọ́n kó o lọ sí Ouidah, ibẹ̀ ni kápùtéènì William Foster ti rà á mọ́ àwọn bí 110 tó kó sínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Mobile ní Alabama, oṣù Keje 1860 ni wọ́n sì gúnlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ látọdún 1808, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dáná sun ọkọ̀ yẹn, ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù ẹ̀ nínú odò.

Ó dáa, ṣí ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1860 kó o wá Kossola níbẹ̀. O ò ní rí i. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn ọdún yẹn, Clotilda ò tíì dé, ká tiẹ̀ ló ti dé gan-an, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka ẹrú sí: orúkọ olówó ẹ̀ níwájú, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí, akọ àbí abo, àwọ̀ ara, ó parí. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò lórúkọ níbẹ̀ rárá. 1870 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó gbòmìnira, ìdí nìyẹn táwọn dúdú Amẹ́ríkà tó ń wá ìdílé wọn fi máa ń bá a dé 1870 tí ọ̀nà á dí.

Ìwé ìkànìyàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1900. Wọ́n bi àwọn ìyá léèrè pé ọmọ mélòó lo bí, mélòó ló ṣì wà láyé, wọ́n kọ iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí iye yẹn ò bá bára mu, ẹ gba itẹ́ òkú lọ, torí ọmọ kan wà tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ wo ilé Kossola: ọmọ mẹ́fà ni Abile ìyàwó ẹ̀ bí, obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, ọmọ ọdún 15 sì ni nígbà tó kú ní 1893. Ìwé 1890 ńkọ́? Iná jó o ní Washington ní January 1921, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé 1880 nìkan lèèyàn ti lè rí ọmọ yẹn nínú ìkànìyàn, nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́.

Orúkọ méjì méjì ni wọ́n sì ń sọ àwọn ọmọ yẹn. Àkọ́bí ń jẹ́ Aleck níta, nílé Iyadjemi ni, ẹ̀yin náà ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́. Ta ni akànìyàn tó máa bèèrè ìyẹn? Ẹnu Kossola fúnra ẹ̀ la ti gbọ́ ọ, kó tó kú ní 1935, orúkọ báwọ̀nyí àti bó ṣe ṣàpèjúwe ìlú ẹ̀ ni òpìtàn Sylviane Diouf fi tọpasẹ̀ ẹ̀ dé Bantè.

Ti Matilda McCrear le díẹ̀. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí wọ́n kó o wọ Clotilda pẹ̀lú ìyá ẹ̀, orúkọ olówó wọn, Creagh, ni wọ́n fún un, lẹ́yìn òmìnira ló yí i padà. Tẹ́ ẹ bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sípẹ́lì kan ṣoṣo wá a o, ẹ gbìyànjú Creagh, Crear, McCrear, gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó tú àṣírí ìtàn ẹ̀? Ní 1931 ló fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma ní Alabama láti lọ béèrè owó gbà-má-bínú, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀, àmọ́ ìwé ìròyìn ìlú gbé e. Ìròyìn yẹn wà níbẹ̀ títí òpìtàn Hannah Durkin fi rí i, 2020 ló gbé àbọ̀ ìwádìí ẹ̀ jáde, ọmọ ọmọ Matilda tó ti lé ní 80 ọdún ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé inú Clotilda ni ìyá àgbà òun wá. January 1940 ni Matilda kú, ìkànìyàn ọdún yẹn sì di oṣù Kẹrin, ẹ má wulẹ̀ wá a níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Bọ̀dá kan bi mí pé àwa tá a wà nílé ńkọ́. Ẹ fi ìkànìyàn Nàìjíríà sílẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ bàbá bàbá yín. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ wò, àti ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, torí tí mọ̀lẹ́bí bá dé kóòtù lórí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń ka baba ńlá wọn láti orí dé ìdí, irọ́ àti òótọ́ pọ̀. Àwọn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú lórí òkun ní tiwọn, wọ́n kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ orí wọn sílẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone, kódà wọ́n wọn gíga wọn.

Ẹ lè wo ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì FamilySearch. Ọdún 72 ni wọ́n máa ń tì í pa kí wọ́n tó ṣí i fún ará ìta, ti 1950 jáde ní April 2022, ẹni tó bá ń wá ti 1960 á ní sùúrù di 2032.